Kíláàsì Orí Fóònù àti Ìkíni Tí Kì í Tán

Ọjọ́ tí ìyá àgbà yẹn mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá sí ilé ìwé mi, kò yẹ kíláàsì kankan wò, kò sì béèrè bóyá tíṣà mi gbóná tàbí ó tutù. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó nu òógùn ojú, ó kí mi. Ó kí ọkọ mi tí kò sí nílé. Ó kí àwọn ọmọ mi, ó kí àwọn òbí mi tí kò rí rí, ó kí mi kú iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ, ó kí mi kú ooru. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, mo ń dáhùn, orúnkún ń dùn mí. Ìgbà tó kí mi tẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn ló tó sọ ohun tó bá wá.

"Tíṣà," ó ní, "èmi ò mọ̀wé rárá. Ìyá ọmọ yìí kàwé dé ibì kan, ó pa á tì, Èkó ló wà báyìí. Èyí, mo fẹ́ fojú mi rí i nínú yúnífọ́ọ̀mù sẹ́kọ́ńdìrì kí n tó lọ bá àwọn àgbà. Ìwọ ni mo fà á lé lọ́wọ́ o. Má jẹ́ kó jábọ́."

Mo ní, "Kò ní jábọ́, mà." Bí mo ṣe máa ń dá gbogbo òbí lóhùn nìyẹn, ṣùgbọ́n ìyá yìí tẹjú mọ́ mi títí mo fi tún un sọ. Ọmọ náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di ìró rẹ̀ mú, eyín iwájú rẹ̀ kan ti ká. Mo fi í sí ìwé kìíní.

Ìlobù ni ilé ìwé mi wà. Ìfọ́n ni ìyá àgbà ń gbé, níbi tó ti ń ta iyọ̀ àti ata gbígbẹ níwájú ilé. Àjèjì tó bá ń ti Òṣogbo bọ̀ kò lè mọ ibi tí ìlú kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Àwa onílé la mọ̀ ọ́n, a tilẹ̀ mọ̀ ọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Ní tèmi, n kì í béèrè ìlú lọ́wọ́ ọmọ. Ọmọ tó bá ti lè jókòó jẹ́ẹ́ kó sì di pẹ́ńsù mú ti di tèmi.

Ọmọ yìí kò tíì parí ìwé kìíní tí kòrónà fi dé. Ìjọba ní kí wọ́n ti gbogbo ilé ìwé pa. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni, mo kó ṣọ́ọ̀kì sínú agolo, mo ti ilẹ̀kùn, mo ní kí n lọ sinmi. Ìsinmi kẹ̀! Kí n tó mọ̀, koríko ti bo ibi tí àwọn ọmọ ti máa ń tò láàárọ̀, ewúrẹ́ àdúgbò ti sọ kíláàsì kan di yàrá wọn. Àwọn òbí tí mo bá pàdé lọ́nà á kí mi láti abẹ́ ìbòmú, wọ́n á ní, "Àǹtí, ọmọ yẹn ti gbàgbé A, B, D o." Àwọn kan ti ń kiri ọjà. Ọmọbìnrin kan ní ìwé kẹrin ti lọ ń kọ́ṣẹ́ irun dídì, ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé kò dá òun lójú pé ilé ìwé yóò ṣí mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn já mi láyà. Mo rántí ìyá àgbà, mo rántí ojú tó fi wò mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Ara mi kì í gba kí wọ́n sọ fún mi pé nǹkan ti tán. Bàbá mi máa ń sọ pé bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn mọ́ mi, ojú fèrèsé ni kí wọ́n ti máa retí mi. Mo pe àwọn tíṣà mi jọ sábẹ́ igi máńgòrò ọgbà wa, oníkálukú jókòó jìnnà síra. Ilé ìwé àdáni ni tiwa, kò sí ọmọ kò sí owó oṣù. Ọkùnrin tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò ti ń gun ọ̀kadà. Ó wá pẹ̀lú ọ̀kadà náà, ojú ń tì í, mo ní, "Kí ló ń tì yín lójú? Ṣé ẹ jalè ni?"

Àwọn òbí kò lówó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n pákí wà lóko wọn. Mo ránṣẹ́ sí wọn pé ẹni tí kò bá rí owó ilé ìwé san, kó gbé pákí wá. Háà, pákí dé! A bó o, a rin ín, a fún un, a gbé agbada kaná lẹ́yìn kíláàsì, àwa tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í yan gàrí. Èéfín fẹ́ fọ́ wa lójú. Àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní, "Ẹ wá wo gàrí onísùkúùlù o!" Mo ní kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín, kí wọ́n ṣáà ti ra gàrí. Obìnrin kan láti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ló ń bá wa kó o lọ sí Òṣogbo. Owó gàrí náà la fi ń jẹun, òun náà la sì fi ń ra káàdì fóònù, nítorí orí fóònù ni mo ti pinnu pé a ó ti máa kọ́ àwọn ọmọ.

Àwọn ilé ìwé ńláńlá l'Óṣogbo ń lo kọ̀ǹpútà. Àwọn òbí tèmi, fóònù kékeré oní-tọ́ọ̀ṣì ló wà lọ́wọ́ wọn. Tíṣà ọlọ́kadà ló fi hàn mí pé fóònù kékeré náà lè so ilé bíi mélòó kan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan: o pe ọ̀kan, o pe èkejì, o so wọ́n pọ̀, gbogbo wọn á máa gbọ́ ọ. A ní kí òbí gbé fóònù sínú abọ́ òfìfo kí ohùn lè dún dáadáa, kí ọmọ jókòó tì í pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo wọ aṣọ iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ orí àga nínú pálọ̀ mi ni mo jókòó sí.

Mo pe ilé àkọ́kọ́.

"Ẹ káàárọ̀ o, àǹtí! Ṣé dáadáa lẹ jí? Ọ̀gá ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ kú ìgbélé o. Ẹ kú àfaradà."

Mo dáhùn, mo so ilé kejì mọ́ ọn. Òun náà kí mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí n tó so ẹ̀kẹta, wọ́n ti gbọ́ ohùn ara wọn.

"Ta ni mò ń gbọ́ yẹn? Àbí ìyá ìbejì ni?"

"Èmi mà ni o! Háà, ó tó ọjọ́ mẹ́ta! Ẹsẹ̀ yẹn ńkọ́?"

"Ó ti ń san o, a dúpẹ́. Ìyá yín ńkọ́?"

Bàbá kan wọlé, ó ní kí Ọlọ́hun ká àrùn yìí nílẹ̀, kó má fi ọ̀kankan nínú wa ṣe ìrántí. Gbogbo wọn ní àmín. Ìyá kan ní kí òun náà gbàdúrà tòun lórúkọ Jésù. A tún ṣe àmín. Mo pariwo pé, "Ẹ jọ̀ọ́ o, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀!" Wọ́n dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o!" Ilé ìyá àgbà ni mo so mọ́ ọn kẹ́yìn, ó gbé fóònù fún ọmọ pé kó kí mi. Mo gbọ́ gbì, n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ọmọ náà ti kúnlẹ̀ láti kí mi, fóònù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bátìrì fò jáde. Káàdì tán kí a tó ka méjì lọ́nà méjì.

Bó ṣe rí lọ́jọ́ kejì náà nìyẹn, bó ṣe rí lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Gàrí tí a fi ojú kan èéfín yan, ìkíni ló ń jẹ ẹ́ tán. Inú bí mi. Mo ránṣẹ́ sí gbogbo ilé: láti ọ̀la lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kí mi lórí fóònù kíláàsì. Bí ẹ bá ti gbé e, ẹ gbé e fún ọmọ. Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ ìkíni, èmi fúnra mi á pe ilé kọ̀ọ̀kan, a ó kí ara wa ti gbogbo ọ̀sẹ̀ tán.

Yéè! Ariwo ta. Wọ́n ní ìwé ti dà mí lórí rú. Wọ́n ní gàrí tí mò ń tà ti sọ mí di ẹni ńlá. Ọkọ mi wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní, "Ìwọ! Ṣé bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nílé yín nìyẹn?" Mo ní bí wọ́n ṣe tọ́ mi kọ́, bí mo ṣe máa kọ́ ọmọ nìyẹn. Mo fi ẹsẹ̀ janlẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀, ó mọ́ wọn lára. Nígbà tó yá, òbí á gbé fóònù, á kàn rẹ́rìn-ín, á ní, "Tòní di Sọ́ńdè o, àǹtí," á sì gbé e fún ọmọ. A bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Mò ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ láti inú abọ́, wọ́n ń pe ìlọ́po méjì títí dé òpin, inú mi ń dùn.

Ìyá àgbà nìkan ni kò gbà. Àárọ̀ tí òfin mi bẹ̀rẹ̀, ó gbé fóònù, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ gbé e fún ọmọ."

Ó ní, "Tíṣà, ṣé èmi lò ń bá wí? Ilẹ̀ mọ́, àrùn ń pa ènìyàn káàkiri, o ò tilẹ̀ béèrè bóyá mo jí. Ọmọ lo ní kí n gbé e fún. Èmi ni òpó tí wọ́n so fóònù mọ́, àbí?"

Ó pa á. Kò gbé e lọ́jọ́ kejì. Ṣe ni aládùúgbò rẹ̀ kan wá ra gàrí tó sọ fún mi pé ìyá ti ń di ẹrù ọmọ, bí ọkọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ó di Èkó lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Mo mọ ohun tí Èkó túmọ̀ sí. Ìyá ọmọ ń bá èèyàn tajà nínú ṣọ́ọ̀bù, ọmọ á dé ibẹ̀, á gbé igbá karí, á máa kiri, ó parí nìyẹn.

Mo wé gèlè, mo lo ìbòmú, mo fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìfọ́n. Mo kúnlẹ̀ níwájú àtẹ iyọ̀ rẹ̀. Kò wò mí, ó ń tún iyọ̀ tò. Mo kí i títí ohùn mi fi há. Mo wá ní, "Ìyá, bí mo bá ń kí gbogbo ilé, káàdì á tán, a ò ní kàwé."

"Ó yẹ kó o wá kó ìkíni sínú àpò kó o máa bù ú tà," ó ní. "Ọjọ́ Àìkú! Ṣé wọ́n máa ń tọ́jú ìkíni pamọ́ bí èlùbọ́ ni? Bí mo bá kú lọ́jọ́bọ̀ ńkọ́?"

Ẹ̀rín gbọ̀n mí, mo fi ìbòmú bò ó. Mo ní kí ìyá má bínú sí mi nítorí ọmọ, mo rán an létí ọ̀rọ̀ sẹ́kọ́ńdìrì. Òfin mi, n kò yí i padà, nítorí òfin náà dára. A fẹnu kò síbì kan: èmi á máa pe ilé tirẹ̀ lọ́tọ̀, lẹ́yìn tí mo bá kọ́ àwọn yòókù tán, mo sì gbọ́dọ̀ kí i dé ilẹ̀ kí n tó bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ó ní ó dára. Ó bu iyọ̀ sínú ọ̀rá fún mi, ó kí mi kú ẹsẹ̀, kú ìrìn, kú oòrùn.

Bí mo ṣe ṣe é nìyẹn títí ilé ìwé fi ṣí. Lára káàdì gàrí, ti ìyá àgbà wà lọ́tọ̀. Ọkọ mi á ti jẹun àárọ̀ tán kí n tó dé orí "ilé ńkọ́?" Ó máa ń fi mí rẹ́rìn-ín, á ní òun rò pé ọjọ́ ìkíni ni ọjọ́ Àìkú.

Nígbà tí a ṣí, a gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi àti ọṣẹ sẹ́nu ọ̀nà, a lé ewúrẹ́, a ro koríko. Tíṣà ìṣirò gbé ọ̀kadà rẹ̀ padà wá, ó sì ń fi gbé àwọn ọmọ tí ilé wọn jìnnà. Ọmọ-ọmọ ìyá àgbà padà, eyín rẹ̀ ti hù. Ọmọ ìwé kẹrin tó lọ kọ́ṣẹ́ irun kò padà. Mo lọ sílé wọn, mo bẹ̀bẹ̀, kò bọ́ sí i. Ó dùn mí wọra, ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe sọ pé kíláàsì orí fóònù kò ní kú. Ọmọ tó bá ń ṣàìsàn, a ó pè é. Ọmọ tó bá tẹ̀ lé òbí rẹ̀ lọ sóko nígbà ìkórè, a ó pè é. Gàrí náà kò kú. A kọ́ àtíbàbà fún un, a ń dì í sínú ọ̀rá, àwọn ọmọ ìwé karùn-ún àti kẹfà ló ń wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ìṣirò ju ojú pátákó lọ.

Ọdún ń gorí ọdún. Ọmọ tí eyín rẹ̀ ká dé ìwé kẹfà. Ó ga ju ìyá àgbà lọ, orí rẹ̀ pé, ó kù díẹ̀ kó ṣe ìdánwò àtiwọ sẹ́kọ́ńdìrì. Ìjà ilẹ̀ àárín Ìlobù àti Ìfọ́n, tó ti wà kí wọ́n tó bí mi, wá tún ru sókè. N kò ní sọ ẹni tó jẹ̀bi. N kì í ṣe adájọ́, ọ̀rọ̀ náà sì ti sú mi. Ohun tó kàn mí ni pé wọ́n tún kéde kónílé-ó-gbélé, ọ̀nà dí, ẹ̀rù ń ba oníkálukú, àwọn ọmọ mi tó ń ti Ìfọ́n wá kò lè wá mọ́.

Òbí kan sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé, "Àǹtí, ẹ fi àwọn ará ibẹ̀ sílẹ̀ ná, ẹ gbájú mọ́ tiwa." Orí mi gbóná. Mo ní, "Ta ni ará ibẹ̀? Àwọn tí mo kọ́ ní A, B, D?" Mo wọlé, mo gbé fóònù kékeré mi jáde.

Gbogbo ilé tó kù ní Ìfọ́n gbé e. Wọn kò kí mi, wọ́n ti mọ òfin. Ti ìyá àgbà kò lọ. Mo pè é láàárọ̀, kò wọlé. Mo pè é lọ́sàn-án, kò wọlé. Ọkàn mi kò balẹ̀. Mo rò ó pé bóyá wọ́n ti sá lọ, bóyá ọmọ ti wà lórí ọ̀nà Èkó, ká wá dé ẹnu ọ̀nà sẹ́kọ́ńdìrì ká jábọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọlé. Bí mo ṣe gbọ́ ohùn rẹ̀, mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú pálọ̀ bí ẹni pé ó wà níwájú mi. "Ẹ káàárọ̀ mà! Ṣé dáadáa lẹ jí? Ṣé kò sí nǹkan? Ara yín ńkọ́? Ilé ńkọ́? Ẹ kú ewu o, ẹ kú…"

"Tíṣà, dákẹ́."

Mo gbé fóònù mọ́ etí.

"Kò síná ládùúgbò wa, fóònù yìí fẹ́ kú. Má kí mi. Ọmọ ti jókòó, ìwé ẹ̀ wà níwájú ẹ̀. Bẹ̀rẹ̀."

Omi bọ́ lójú mi. Mo fẹ́ kí i, ẹ gbà mí gbọ́, ẹnu ń yún mi láti kí i. Ṣùgbọ́n mo ní kí ọmọ ṣí ìwé ìṣirò rẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ ìdá. Ó ń dáhùn jẹ́jẹ́, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tó yá ó dúró ṣinṣin.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é lárààárọ̀ títí ọ̀nà fi là. Ìyá á gbé e, á ní "Ó ti jókòó," ó tán. Lẹ́yìn náà ni ọmọ wá sọ fún mi bí fóònù náà ṣe ń wà láàyè. Ìyá máa ń bu iyọ̀ fún aládùúgbò kan tó ní jẹnẹrétọ̀, kó lè bá wọn fi iná sí i. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi pe ènìyàn. Bí ọmọ rẹ̀ pàápàá bá pè láti Èkó láti béèrè àlàáfíà, á ní, "A wà láàyè, fóònù ìwé ni," á sì pa á kí tọ̀hún tó kí i tán. Ìyá tí mo mọ̀! Mo ní kí ọmọ tún un sọ, torí kò fẹ́ yé mi.

Ọmọ ṣe ìdánwò, ó yege.

Ọjọ́ Sátidé kan, à ń yan gàrí lọ́wọ́, mo gbé ojú sókè, mo rí àwọn méjèèjì tí wọ́n ń bọ̀ lẹ́nu géètì. Ọmọ wọ yúnífọ́ọ̀mù sẹ́kọ́ńdìrì, bẹ́ẹ̀ kò sí ilé ìwé lọ́jọ́ Sátidé. Ìyá ló ní kó wọ̀ ọ́. Mo sáré lọ pàdé wọn, mo kúnlẹ̀ nínú eruku pẹ̀lú eérú lọ́wọ́. Ọmọ náà kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ní, "Dìde, yúnífọ́ọ̀mù ẹ!" Ìyá ní kí n fi í sílẹ̀.

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó nu òógùn ojú. "Tíṣà," ó ní, "mo wá kí ọ. Ti gbogbo àárọ̀ wọ̀nyẹn, mi ò gbàgbé ọ̀kankan."

Ó bẹ̀rẹ̀. Ó kí mi kú àárọ̀ tí ọ̀nà dí. Ó kí mi kú àárọ̀ tí òjò rọ̀ tí ohùn mi ń já. Ó kí mi kú àárọ̀ ìdá, kú àárọ̀ tí ọmọ sunkún tí mo dúró dè é, kú àárọ̀ tí ara mi kò yá tí mo sì pè, ó ti gbọ́ ọ nínú ohùn mi. Lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dúró kí n dáhùn kó tó bọ́ sórí òmíràn. Orúnkún ń dùn mí, omijé ń bọ̀ lójú mi, mo ń ní "Ẹ ṣé, mà. Ẹ ṣé, mà." Àwọn tíṣà mi ń pè mí láti ìdí agbada pé gàrí ti ń jóná. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó jóná, ìyá kò tíì kí mi tán.